Ta Ni Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Fa Ẹ̀jẹ̀ Jáde? Òfin, Oníṣègùn Eyín àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Yorùbá

1. Ìfáárà

Ìtọ́jú kan wà tí àwọn oníṣègùn eyín ń ṣe káàkiri ayé, tí ó sì ti wọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Wọn a fa ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde láti apá aláìsàn, wọn a yí i nínú ẹ̀rọ, wọn a sì fi ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ dí ihò tí eyín tí a yọ fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, ara rẹ̀ náà ni a sì ń dá a padà sí. Ìbéèrè tí ó ń tẹ̀lé èyí ni pé: ǹjẹ́ oníṣègùn eyín lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde? Àwọn kan gbà pé ẹnu ni ààlà iṣẹ́ rẹ̀, àti pé bí ó bá ti kúrò ní ẹnu tí ó dé apá, ó ti wọ oko olóko.

Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà gba oníṣègùn eyín láàyè, ṣùgbọ́n ó dè é mọ́ àwọn àdéhùn kan. Èyí tí ó wúwo jù nínú àwọn àdéhùn náà ni pé kí aláìsàn mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí ó tó yọ̀ǹda. Ní ìlú bí Ìtẹ́lẹ̀, ní agbègbè Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ti ń fi èdè Yorùbá gbọ́ àlàyé, àdéhùn náà dúró lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a bá lò. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, ìyọ̀ǹda náà yóò wọ́.

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ibi tí ìṣègùn àti òfin ti pàdé ni iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí fún wa láti ṣe.

2. Ohun tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe

A kò lè sọ bóyá ohun kan bófin mu tàbí kò bófin mu láìkọ́kọ́ mọ ohun náà. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ohun mẹ́rin pàtàkì ni ó wà nínú rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun, omi tí gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àti àwọn ẹ̀rún wẹ́wẹ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní platelet. Ẹ̀rún wọ̀nyí kì í ṣe odindi sẹ́ẹ̀lì. Inú mùdùnmúdùn eegun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà tí ń já wẹ́wẹ́, ohun tí ó já lára wọn ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú máíkírólítà kan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, wọ́n máa ń wà láàárín 150,000 sí 400,000.

A dábàá pé kí a pe ẹ̀rún yìí ní awẹ́ ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ awẹ́ obì, àwọn olùkọ́ èdè sì ti mọ awẹ́ gbólóhùn: nínú méjèèjì, awẹ́ ni ohun tí ó jẹ́ apá kan odidi, tí ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Àwọn kan lè fẹ́ amẹ́jẹ̀dì, nítorí pé iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni mímú ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n awẹ́ kọ́ ni ó ń dá mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní èròjà kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ń di okùn tínrín-tínrín nígbà tí ara bá gbọgbẹ́, tí ó sì ń ta bí òwú aláǹtakùn láti fi há sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀. Okùn yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fibrin. Fọ́nrán ẹ̀jẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Bí a bá fi amẹ́jẹ̀dì jẹ orúkọ fún ọ̀kan nínú méjèèjì, a óò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ìdí tí awẹ́ fi wu àwọn oníṣègùn ni pé, yàtọ̀ sí dídí ojú ọgbẹ́, ó ń tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tí ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn láti wá tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe. Ní 1998, Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde lórí bí wọ́n ṣe fi omi ẹ̀jẹ̀ tí awẹ́ kún inú rẹ̀ sára eegun tí wọ́n ń lọ́ mọ́ àgbọ̀n aláìsàn. Ọ̀nà tiwọn gba pé kí a fi èròjà adènà-dídì sínú ìgò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, kí a yí i nínú ẹ̀rọ ayíbírí, lẹ́yìn náà kí a tún fi èròjà mìíràn tí a mú láti ara màlúù mú un dì padà. Ní Faransé, ní 2001, Joseph Choukroun gba ọ̀nà mìíràn. Òfin ilẹ̀ náà le gan-an lórí ẹ̀jẹ̀ tí a ti pò mọ́ nǹkan mìíràn tí a sì fẹ́ dá padà sára ènìyàn. Choukroun kò fi ohunkóhun sínú ìgò: ó fa ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó sì yí i lọ́gán kí ó tó ráyè dì. Nínú ìlànà àkọ́kọ́ yẹn, ìgò mílílítà 10 ni, ẹ̀rọ a sì yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ìpele mẹ́ta ni a óò rí: sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìsàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ní òkè, àti ìdì fọ́nrán tí awẹ́ há sí nínú ní àárín. Èyí tí ó wà ní àárín yìí ni a ń fi síbi ọgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbí fún àwa tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wa. Òfin orílẹ̀-èdè kan, àti bí ó ti túmọ̀ ohun tí a ń pè ní àfẹ̀jẹ̀ṣe, ni ó yí ọ̀nà ìṣègùn padà. Ẹni tí ó bá rò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í kọjá orí ìwé, kí ó wo ìgò Choukroun.

Àwọn oníṣègùn wa náà kò sùn. Ní 2011, Ogundipe, Ugboko àti Owotade tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ jáde. Aláìsàn 60 tí a fi iṣẹ́ abẹ yọ eyín ìkẹyìn wọn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni wọ́n lò. Wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pọ̀-awẹ́ sí ojú ọgbẹ́ apá kan nínú wọn. Ìrora dín kù fún àwọn tí a fi sí. Ní ti wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyàtọ̀ tí ó wà kò tó ohun tí a lè gbára lé. Èyí fi hàn pé ìtọ́jú náà ní èrè, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ níwọ̀n. A óò padà sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí nígbà tí a bá dé orí orúkọ tí a óò sọ ìtọ́jú náà.

3. Ohun tí òfin wí

Ìwé òfin tí ó kàn wá jù ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Ìpín kan nínú rẹ̀ dá lórí ẹ̀jẹ̀, àfẹ̀jẹ̀ṣe àti ẹran-ara ènìyàn. Abala mẹ́rin ni a óò yẹ̀ wò.

Abala 48 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹran-ara, ẹ̀jẹ̀ tàbí àfẹ̀jẹ̀ṣe kúrò lára ènìyàn alààyè fún ètekéte, àyàfi bí ẹni náà bá yọ̀ǹda pẹ̀lú òye ní ọ̀nà tí a là sílẹ̀, tí ó sì bá ìlànà àwọn aláṣẹ mu. Ó fi àyè sílẹ̀ pé a lè fo ìyọ̀ǹda nígbà pàjáwìrì. Ìtọ́jú tí à ń sọ yìí kì í ṣe pàjáwìrì láéláé, nítorí ihò eyín yóò jinná láìsí i. Nítorí náà, oníṣègùn eyín kò lè sá sábẹ́ àyè yẹn. Ìjìyà sì wà fún ẹni tí ó bá rú abala náà.

Abala 49 sọ ohun tí a lè fi ẹ̀jẹ̀ tí a fà ṣe: kìkì ète ìṣègùn tàbí ète ìtọ́jú eyín tí a là sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin fúnra rẹ̀ dárúkọ ìtọ́jú eyín. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò kan oníṣègùn eyín, kò tíì ka abala yìí.

Abala 52 ni ó sọ ẹni tí ó lè ṣe é. Ó pín sí ọ̀nà méjì. Èkínní, oníṣègùn tàbí oníṣègùn eyín tí ó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó lè gé ẹran-ara kúrò lára alààyè. Èkejì, oníṣègùn tàbí oníṣègùn eyín tí ó forúkọ sílẹ̀, tàbí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àkóso tàbí àṣẹ wọn, ni ó lè fi ẹ̀jẹ̀ tàbí àfẹ̀jẹ̀ṣe sí ènìyàn lára. Ìdì fọ́nrán tí a mú láti inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àfẹ̀jẹ̀ṣe, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti mú un jáde. Fífi í sínú ihò eyín sì jẹ́ fífi í sára. Iṣẹ́ yìí, òfin dárúkọ oníṣègùn eyín fún un.

Ní ti fífà náà, ó yẹ kí a kàwé dáadáa. Òfin kò ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ ohun tí ó pè ní tissue. Ọ̀tọ̀ ni ó ń dárúkọ wọn nígbà gbogbo. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ “nìkan” tí ó wà nínú apá kìn-ín-ní abala 52 kò dé orí ẹ̀jẹ̀ fífà. Ohun tí ó so ẹ̀jẹ̀ fífà ni abala 48: ìyọ̀ǹda àti ìlànà. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tí a ti yọ oníṣègùn eyín sílẹ̀. Bí a bá ka abala 48, 49 àti 52 pọ̀, ohun tí a óò rí ni pé òfin rí oníṣègùn eyín gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè lo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún ìtọ́jú eyín, bí ó bá ti pa àdéhùn mọ́, tí ó sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Britain, níbi tí General Dental Council ti gbé e kalẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ eyín má ṣe ju ohun tí ó kọ́, tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí ó sì ní ìwé ìdójútòfò fún.

Abala kẹrin ni 23, òun sì ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè Yorùbá mọ̀. Ó ní kí oníṣẹ́ ìlera sọ fún aláìsàn irú ìtọ́jú tí ó wà, èrè rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí a sọ ọ́, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí aláìsàn gbọ́, ní ọ̀nà tí ó bá ìwọ̀n ìmọ̀-ọ́n-kọ ìmọ̀-ọ́n-kà rẹ̀ mu. Òfin ni ó rán wa níṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan.

4. Ta ni oníṣègùn eyín?

Ìtẹ́lẹ̀ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ilẹ̀ Àwórì ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà kò jìnnà sí i, Ayọ̀bọ̀ tí ó múlé tì í sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìtẹ́lẹ̀ lè lọ tọ́jú eyín ní Ayọ̀bọ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì ti padà sílé kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kúkúrú yẹn, ó ti kúrò lábẹ́ aláṣẹ kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Ní Èkó, àjọ HEFAMAA ni ó ń bẹ ilé-ìwòsàn wò tí ó sì ń fún un ní ìwé àṣẹ. Ní Ògùn, lọ́dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé-ìwòsàn aládàáni ti ń forúkọ sílẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 ni ó bo ìhà méjèèjì. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ oníṣègùn eyín fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria ni ó ti ń wá, ibi yòówù kí ó wà.

Níbi yìí ni èdè wa ti kọ́kọ́ ń dá wa láàmú. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ọwọ́ kan eyín ni “dókítà eyín”. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ eyín ní yunifásítì, tí àjọ tí a dárúkọ sókè yìí sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni ẹni tí ń fọ eyín, tí ń dí ihò kéékèèké, tí ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó ẹnu. Àjọ tirẹ̀ ni Dental Therapists Registration Board. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń ṣe eyín àtọwọ́dá àti àwọn irin tí ń to eyín. Àjọ tirẹ̀ ni Dental Technologists Registration Board. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó níyì, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni abala 52 ń pè.

A dábàá pé kí a pe ẹni àkọ́kọ́ ní oníṣègùn eyín, ẹni kejì ní olùtọ́jú eyín, ẹni kẹta ní aṣeyín. Kí a fi “dókítà eyín” sílẹ̀ fún ẹnu ọjà. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Olóolà ni ó ń kọlà, onífárí ni ó ń fárí. Bí ọ̀bẹ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kò sí bàbá tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ fún onífárí pé kí ó kọlà fún un. Bí a bá fún òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan ṣoṣo, aláìsàn kò ní mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ dání.

5. Fà, gbà àti gé

Gẹ̀ẹ́sì inú òfin náà lo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì: ọ̀kan fún ẹran-ara, òmíràn fún ẹ̀jẹ̀. Yorùbá ní ìyàtọ̀ yìí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: a ń gé ẹran-ara, a ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé tissue inú òfin kó eegun àti mùdùnmúdùn mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹran-ara lédè wa kò kó eegun mọ́ra. Olùtumọ̀ ní láti kọ “ẹran-ara tàbí eegun” kí àlàfo má baà ṣí.

Ìṣòro tí ó jù wà nínú ọ̀rọ̀ fà àti gbà. Ẹ wo gbólóhùn wọ̀nyí:

(a) Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.
(b) Ó gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù.
(d) Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.
(e) Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Nínú (a) àti (d), ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Nínú (b) àti (e), ẹ̀jẹ̀ ń wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí ó ya (d) àti (e) sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré náà, sí. Bí a bá sì sọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà di ọ̀rọ̀-orúkọ, sí a pòórá: “ẹ̀jẹ̀ fífà” àti “ẹ̀jẹ̀ gbígbà” kò sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ tàbí ó ń lọ.

Èyí lè dà bí eré lójú onímọ̀ gírámà, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré lójú aláìsàn. Bí a bá kọ “ìyọ̀ǹda fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà” sórí ìwé, ẹnì kan lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni a fẹ́ fi sí òun lára, kí ó sì sá fún ìtọ́jú tí ì bá ṣe é láǹfààní. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, fún àpẹẹrẹ, kì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lórí àwọn ìtọ́jú kan tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ṣe, olúkúlùkù wọn ni ó ń fi ẹ̀rí-ọkàn pinnu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè pinnu bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ lè gbọ́ pé “a ó gba ẹ̀jẹ̀ yín” kí ó rò pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ òun lọ fún ẹlòmíràn, tàbí kí ọkàn rẹ̀ lọ sí ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ tí ìròyìn nípa àwọn tí ń fi ènìyàn ṣe ògùn owó ti ń da ọkàn rú, ẹni tí ó bá béèrè pé “kí ni ẹ ó fi èyí tí ó ṣẹ́ kù ṣe?” kò ṣe aṣejù. Abala 49 ti dáhùn fún un. Èdè ni kò tíì gbé ìdáhùn náà dé etí rẹ̀.

A dábàá ìfàjáde ẹ̀jẹ̀ fún èyí tí ń jáde, àti ìfàsára ẹ̀jẹ̀ fún èyí tí ń wọlé. Ìhun ọ̀rọ̀ méjèèjì bá òfin èdè wa mu, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà jáde lára ẹnì kan tí a sì dá padà sí i lára, kí a pè é ní ẹ̀jẹ̀ ti-ara-ẹni.

6. Ìyọ̀ǹda, ìfọwọ́sí àti orúkọ ìtọ́jú náà

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kà ní ọsibítù ń pe ohun tí abala 48 béèrè ní “ìfọwọ́sí”. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó. Ọwọ́ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé. Ọkàn ni ó ń yọ̀ǹda. Ẹni tí a di ọwọ́ rẹ̀ mú láti tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì yọ̀ǹda. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda pẹ̀lú òye ni a fara mọ́. Ìwé tí a ń fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ nìkan.

Orúkọ ìtọ́jú náà tún jẹ́ ọ̀ràn kan. Ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ ń sọ nípa ohun tí ó ń hù padà. Bí olùtumọ̀ kan bá yára kọ “ìtọ́jú amúhùpadà”, kò ṣe àṣìṣe nípa ìhun ọ̀rọ̀. Àmọ́ nínú èdè wa, eyín ni a mọ̀ mọ́ hù: eyín ọmọdé ń hù, ó ń ká, òmíràn a sì hù dípò rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìtọ́jú amúhùpadà fún òun lẹ́yìn tí a yọ eyín rẹ̀, kí ni yóò retí bí kò ṣe eyín tuntun? Ìtọ́jú yìí kì í mú eyín hù. Ẹran ìdí eyín àti eegun àgbọ̀n ni ó ń ràn lọ́wọ́ láti jinná, níwọ̀n tí a ti sọ ṣáájú. Ẹni tí ó san owó nítorí ìrètí eyín tuntun kò yọ̀ǹda fún ohun tí a ṣe fún un. Ìtọ́jú amọ́gbẹ́jinná ni a dábàá. Ó sọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì ṣe ìlérí kọjá agbára rẹ̀.

7. Àwòṣe àlàyé

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dúró lórí ìwé nìkan, a gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ nípa bí oníṣègùn eyín ní Ìtẹ́lẹ̀ ṣe lè ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan tí ó wá yọ eyín. Àwọn olùkọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì, àwọn olùtumọ̀ sì lè tún un ṣe.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lóhùn. Eyín ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ yọ. Bí a bá yọ ọ́ tán, ihò yóò ṣẹ́ kù níbẹ̀, yóò sì jinná fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí ó lè dín ìrora yín kù. Màá fa ẹ̀jẹ̀ jáde ní apá yín, ìgò méjì péré, kò ju ṣíbí ìmutíì mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ yìí yóò yí i níṣojú yín. Ohun tí ó bá dì ní àárín ìgò ni màá fi dí ihò eyín náà. Ẹ̀jẹ̀ tiyín ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nínú rẹ̀, a kò sì ní gbé tiyín fún ẹlòmíràn. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, a óò dà á nù pẹ̀lú àwọn ìdọ̀tí ọsibítù ní ọ̀nà tí òfin wí. Ojú abẹ́rẹ́ lè dùn yín díẹ̀, apá sì lè dúdú fún ọjọ́ mélòó kan. Òòyì sì máa ń kọ́ ẹlòmíràn. Eyín mìíràn kò ní hù níbẹ̀ o. Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí owó yíyọ eyín, iye rẹ̀ nìyí. Bí ẹ kò bá fẹ́, màá ṣì yọ eyín náà fún yín, inú kò sì ní bí mi. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.”

Gbólóhùn ìkẹyìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí màmá bá sọ ọ́ padà tí ó sì tọ̀nà, ìyọ̀ǹda wà. Bí ó bá sọ pé “ẹ fẹ́ fún mi lẹ́jẹ̀”, kí abẹ́rẹ́ dúró ná.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé òfin ilẹ̀ wa kò ti ilẹ̀kùn mọ́ oníṣègùn eyín tí ó forúkọ sílẹ̀ tí ó sì kọ́ iṣẹ́ náà. Ó fi ìyọ̀ǹda pẹ̀lú òye ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì ní kí a fi èdè tí aláìsàn gbọ́ ṣí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n gba èyí tí ó dára, kí wọ́n sì wá èyí tí ó sàn jù dípò èyí tí kò dára:

dentist: oníṣègùn eyín
dental therapist: olùtọ́jú eyín
dental technologist: aṣeyín
blood withdrawal: ìfàjáde ẹ̀jẹ̀
blood transfusion: ìfàsára ẹ̀jẹ̀
blood product: àfẹ̀jẹ̀ṣe
autologous blood: ẹ̀jẹ̀ ti-ara-ẹni
plasma: omi ẹ̀jẹ̀
platelet: awẹ́ ẹ̀jẹ̀
fibrin: fọ́nrán ẹ̀jẹ̀
platelet-rich plasma: omi ẹ̀jẹ̀ ọlọ́pọ̀-awẹ́
platelet-rich fibrin: ìdì fọ́nrán ọlọ́pọ̀-awẹ́
anticoagulant: èròjà adènà-dídì
centrifuge: ẹ̀rọ ayíbírí
tissue, nínú òfin: ẹran-ara tàbí eegun
informed consent: ìyọ̀ǹda pẹ̀lú òye
regenerative treatment: ìtọ́jú amọ́gbẹ́jinná

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni yóò pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀-ìperí dà bí ọmọ tuntun: ilé ni a ti ń sọ ọ́ lórúkọ, ìgboro ni a ti ń mọ̀ bóyá orúkọ náà yóò mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ lórúkọ rárá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò máa pè é bí ó ti wù ú, aláìsàn tí ó na apá sílẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.